Nítorí Ìtọ̀ Tanímọ̀la

Hwolshe, Jos.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àìlà.

Àkànní ọkọ mi,

Mo mọ̀ pé inú ṣì ń bí ọ. Ó dáa, máa bínú lọ, ṣùgbọ́n jókòó kà á. Mo rẹ́rìn-ín nínú ilé rẹ lánàá títí omi fi bọ́ lójú mi, o sì mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, o jáde, o ò dágbére. Háàbà, Àkànní! Ìyá ẹni á gbéra láti Hwolshe wá kí ni ní Lamingo, ọmọ á fi í sílẹ̀ nídìí abọ́ túwó? Mo jẹ túwó náà tán o. Ọbẹ̀ Sàídá dùn, n kò lè tìtorí ìbínú rẹ pa ebi mọ́nú.

Mo pè ọ́ lórí fóònù nígbà tí mo délé. O ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mo wà nínú ìpàdé." Ìpàdé wo ni wọ́n ń ṣe níbi iṣẹ́ rẹ ní Kuru lẹ́yìn ìrun Àìṣáì? Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Lẹ́tà ò ní bọ́tìnnì tí èèyàn lè tẹ̀ kó fi pa ìyá rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ẹ̀yin ọmọ tí a bí sí Jos, Háúsá yín já gaara, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti rí àmì lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, ojú yín á máa ṣe bàìbàì. Ibi tí kò bá yé ọ, gbé e fún Sàídá. Ìlọrin ni wọ́n ti tọ́ ìyàwó rẹ, ó mọ̀ ọ́n kà dáadáa. Kódà, ẹ jọ kà á, torí ẹ̀yin méjèèjì ni mo ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ ajá wa ni. Jẹ́ kí n to bí mo ṣe gbọ́ ọ àti bí mo ṣe fojú ara mi rí i, kí o lè mọ̀ pé n kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Tanímọ̀la ti dàgbà. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ajá ni kò ti tọ̀ sínú ilé rí. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ẹ kó dé Lamingo, ó ń lọ sẹ́yìn táǹkì omi, níbi erùpẹ̀, ó ń ṣe tirẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ò sí. Àfi bó ṣe ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ káàkiri: lẹ́nu ọ̀nà kíṣìn, nídìí fíríìjì, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. O nà án. O ti imú rẹ̀ bọ inú ìtọ̀. Kò gbọ́. Sàídá ló mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran, dókítà ní kòkòrò ti wọ àpò ìtọ̀ rẹ̀, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó fún un lóògùn. Ara rẹ̀ yá. Kò tọ̀ sí kíṣìn mọ́, kò tọ̀ sídìí fíríìjì mọ́. Ibì kan ṣoṣo ló kù tí kò fi sílẹ̀, ìyẹn ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí o máa ń tẹ́ ẹní ìkírun rẹ sí. Lo bá ní oríkunkun ni, pé ajá náà mọ̀ọ́mọ̀ ń ba ìrun rẹ jẹ́. O ti bá ọkùnrin kan tí ń ra ajá sọ̀rọ̀, ó ń bọ̀ wá mú un ní Sátidé.

Gbogbo wa la mọ ibi tí ajá tí ọkùnrin yẹn bá rà ń lọ. Má sì rò pé mo ń bú ẹnikẹ́ni. Ní Òndó tiwa náà, wọ́n ń jẹ ajá, wọ́n sì máa ń fi ta mí nígbà tí mo bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn: "Àlàájà, ẹ wá tọ́ ọ wò!" A jọ ń rẹ́rìn-ín ni. N kò bá ọ̀nà ọ̀fun ẹnikẹ́ni jà. Èyí tí mo mọ orúkọ rẹ̀ nìkan ni n kò fẹ́ kó wọ ìkòkò.

Nígbà tí bàbá rẹ kú, tí ẹ̀yin ọmọ sì ti tú ká lọ síbi iṣẹ́ yín, àwọn èèyàn ń bi mí pé kí ni opó fẹ́ fi ọmọ ajá ṣe. Mo ní orúkọ rẹ̀ ni Tanímọ̀la. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà kì í tún bi mí ní nǹkan mìíràn. Láti ìgbà náà, iwájú ilẹ̀kùn mi ló ń sùn. Bí ewé bá mì nínú ọgbà, á gbó, èmi á yí ẹ̀gbẹ́ kejì, màá sùn lọ. Ọjọ́ tí ẹ ń kó lọ sí Lamingo, níbi tí ilé kan ti jìnnà sí èkejì, mo wo gbogbo ohun tí mo ní, n kò rí èyí tó máa wúlò fún tọkọtaya tuntun tó ajá yẹn. Mo sunkún lẹ́yìn géètì nígbà tí ọkọ̀ yín ń lọ. O ò mọ̀. Mo ń sọ ọ́ fún ọ báyìí kí o lè mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ.

Tò, ó yá, ká sọ̀rọ̀ bí àgbà.

Èkíní, ẹni tó bá ti ṣe dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ó bá yíwọ́ lójijì, béèrè ìdí kó o tó dájọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ajá ò sì lẹ́nu tí yóò fi ro tirẹ̀, ìyẹn ni pé ojú rẹ lo máa fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Ṣé ó ń gbẹ́sẹ̀ sókè tí ìtọ̀ ò wá bọ̀rọ̀? Ṣé ó ń lá ara rẹ̀ jù? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀? Ṣé omi tó ń mu ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ṣé ojú oorun ló ti ń jò lára rẹ̀ láìmọ̀? Bí o bá rí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe pankẹ́rẹ́.

Jẹ́ kí n sọ ti bàbá rẹ fún ọ, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wa, a gba yàrá méjì, a sì ní ajá kan tí à ń pè ní Gbéwiri, torí pé kò sí ẹran tí kò lè jí nínú ìkòkò. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, a jí, a bá omi ní igun pálọ̀. Bàbá rẹ wòkè, wọ́n ní páànù ń jò. O mọ bàbá rẹ, ohun tí wọ́n bá ti sọ lẹ́ẹ̀kan, òfin ni. Wọ́n ra ọ̀dà, wọ́n yá àkàbà, ó di orí òrùlé. Inú ọyẹ́ nìyẹn o! Ọyẹ́ Jos tí ètè èèyàn ń là, tí ìkán omi kan kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run! Aládùúgbò á kọjá, á ní, "Bábà, lafiya kuwa?" Wọ́n á dáhùn látòkè pé àlàáfíà ni, òrùlé ló ń jò. Onítọ̀hún á wo ojú ọ̀run, á wo bàbá rẹ, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Èmi ọ̀mùgọ̀ tó di àkàbà mú nísàlẹ̀, n kò bi wọ́n pé òjò wo. Àfìgbà tí Gbéwiri fi wá síwájú àwa méjèèjì, tó gbẹ́sẹ̀ sókè, tó tọ̀ sára àkàbà náà gan-an! Bàbá rẹ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n nu ọ̀dà lọ́wọ́, wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Wàláhì, ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún.

Nítorí náà, má tíì gun òrùlé. Ohun tí o kọ́kọ́ rò kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Èkejì, má fi ọwọ́ kan ajá yẹn mọ́. Mo jókòó sí pálọ̀ yín lánàá, Tanímọ̀la sùn sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Bí fèrè ọkọ̀ rẹ ṣe dún ní géètì, ìrù rẹ̀ wọ abẹ́, ó fi àyà wọ́lẹ̀ lọ sábẹ́ tábìlì. Ajá tó jẹ́ pé bó o bá ti ibi iṣẹ́ wá kí mi lọ́jọ́ ìsinmi, ó máa ń fò mọ́ ọ tó fi ń ya bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ! Nínà kò kọ́ ajá náà níbi tó yẹ kó tọ̀ sí. Ohun tó kọ́ ọ ni pé ìwọ ni kò gbọ́dọ̀ rí i. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé ìgbà tí o bá jáde tán ló ń ṣe é, o wá ń sọ pé alárékérekè ni. Ẹ̀rù pàápàá ń mú kí ìtọ̀ bọ́ lára ajá, bó ṣe ń bọ́ lára èèyàn. Ìwọ náà rántí ọjọ́ tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pè ọ́ jáde lórí ìlà, n kò ní dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ṣòkòtò rẹ, torí Sàídá lè wà nítòsí.

Mo gbọ́ pé o tún ní kí Sàídá dín omi rẹ̀ kù. Ẹ̀n-ẹ́n! Èmi náà gbọ́n bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Gbéwiri tí mo ń sọ yìí, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àkàbà, èmi ni mo ní kò ní rómi mu mọ́ láti ọ̀sán. Ṣé ajá tó ń jí ẹran ló máa wá bẹ̀ mí fún omi? Ó lọ síbi tí mo rẹ aṣọ sí lẹ́yìnkùlé, ó ki ẹnu bọ omi ọṣẹ, ó mu ún yó. Kò pẹ́, ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀ funfun báláú. Ẹnì kan pariwo pé, "Ajá dìgbòlugi!" Àwọn ará ilé fò sórí tábìlì, sórí àga, màmá kan tí wọ́n ní orúnkún ń dùn wọn látọdún mọ́dún gun igi gúáfà. Gbéwiri dúró láàárín ọgbà, ó ń yọ ìfófòó, ó ń ju ìrù, kò mọ ohun tó dé. Má ṣe gbé omi kúrò níwájú ẹranko, pàápàá èyí tí àpò ìtọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná. Omi ni yóò bá a fọ inú. Jẹ́ kó mu, kí o sì mú un jáde lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ tán.

Ó wá kan ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín.

O wọlé lánàá, o kí mi, o rí ibi tó rin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, o fa ojú ro. O gba ẹ̀yìnkùlé lọ, o bu erùpẹ̀ pupa kún bàsíà wálé, o dà á sórí táìlì, o ń fi ọwọ́ rà á, o ń kà: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Mo ní kí ni. O ní, "Màámi, ẹ ò mọ̀? Ohun tí ajá bá bà jẹ́, ẹ̀ẹ̀meje la ń fọ̀ ọ́, a ó sì fi erùpẹ̀ kún un. Wọ́n kọ́ wa ní ilé kéú." Mo ní níbo lo ti ń bu erùpẹ̀ náà. O ní, "Ẹ̀yìn táǹkì." Ìgbà náà ni ẹ̀rín pa mí dé ilẹ̀.

Àkànní, dákọ, jọ̀ọ́, kì í ṣe ìwọ ni mo ń rín. Gbọ́ ohun tí o ò jẹ́ kí n sọ.

Ṣé o mọ bí mo ṣe kọ́ Tanímọ̀la nígbà tó wà lọ́mọ ajá? Bó bá ti mumi tán, tàbí tó jẹun tán, tàbí tó jí, mo máa gbé e lọ sẹ́yìn ilé, sórí erùpẹ̀ pupa. Màá dúró tì í. Bó bá ti tọ̀ síbẹ̀, màá ní, "Yáwwà! Ọmọ dáadáa!" màá fún un ní eegun. Bí mo ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn, tó fi wọ̀ ọ́ lórí pé ibi tí erùpẹ̀ pupa bá wà, ilé ìtọ̀ ni. Ní ti ajá, imú ló fi ń mọ ilé. Wàyí o, ara rẹ̀ kò yá, ó tọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìmọ̀ọ́mọ̀. Ìwọ bá lọ bu ilé ìtọ̀ rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú òórùn ìtọ̀ àná àti ti ìjẹta nínú rẹ̀, o gbé e wọlé, o fi ra táìlì, ó kó wọ àárín táìlì àti táìlì. O ṣe é lẹ́ẹ̀meje! Ajá tọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá, ó gbóòórùn, ó ní ọ̀gá mi ti ṣí ilé ìtọ̀ tuntun fún mi nínú ilé, kí Ọlọ́run bá mi bù kún un. Ó tọ̀. O tún bu erùpẹ̀. Ó tún tọ̀. Ìwọ rò pé ó ń bá ọ ṣorí kunkun, òun rò pé ó ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu.

Kò sí ìyá kankan láyé yìí tí kò ní rẹ́rìn-ín.

Mo sì mọ̀ pé ìrun rẹ lo rò. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn, inú mi dùn sí i gan-an. N kò sì fẹ́ dá ẹjọ́ ẹ̀sìn fúnra mi, ìdí nìyẹn tí mo fi lọ sọ́dọ̀ Àáfà tó kọ́ ọ ní kéú, lẹ́yìn ìrun Àsùbá òní. Mo ṣàlàyé. Àáfà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí wọn. Wọ́n dárúkọ kéú rẹ, wọ́n ní, "Ṣé Ràsáàkì tèmi ni? Ọmọ yẹn máa ń tòògbé lẹ́yìn tí mo bá ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀." Wọ́n ní abọ́ tí ajá bá ti ẹnu bọ̀ ni ti ẹ̀ẹ̀meje àti erùpẹ̀. Ní ti ìtọ̀, omi mímọ́ ni, kí a fọ̀ ọ́ títí àwọ̀ rẹ̀ àti òórùn rẹ̀ á fi lọ. Wọ́n ní kí o máa bọ̀ wá kí wọn, wọn yóò parí ìdajì ẹ̀kọ́ tó kù fún ọ. Wọ́n kí ọ púpọ̀.

Báyìí ni kí ẹ ṣe é. Ẹ kó gbogbo erùpẹ̀ yẹn dà nù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré yọ èyí tó há sáàárín táìlì. Ẹ fi omi àti ọṣẹ ẹlẹ́búbú fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ da fínígà tí Sàídá fi ń ṣan ewébẹ̀ sínú omi, ẹ dà á síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tó tún fi omi ṣan án, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹ má ṣe lo oògùn ìfọṣàlángá tó máa ń ta nímú. Nínú imú ajá, òórùn ìtọ̀ kò jìnnà sí irú rẹ̀, ṣe lẹ ó tún máa pè é wá. Nígbà tó bá gbẹ, abọ́ oúnjẹ rẹ̀ ni kí ẹ gbé síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ajá tó bá gbádùn kì í tọ̀ síbi tó ti ń jẹun. Ẹní ìkírun rẹ, tẹ́ ẹ sínú yàrá ná, kí o sì ti ilẹ̀kùn, bàbá rẹ pàápàá kì í kírun lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbé lẹ́bàá odò Lamingo yẹn, òtútù yín kọjá tiwa. Mo bi Sàídá bí ẹ ṣe ń mú ajá jáde láàárọ̀. Ó ní o máa ń ṣílẹ̀kùn, wàá tì í síta, wàá padà sábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì. Àkànní! Ajá tó ti dàgbà, nínú atẹ́gùn yẹn? Ẹnu ilẹ̀kùn ló ń dúró sí, tó ń gbọ̀n, tó ń retí kí o ṣílẹ̀kùn. Bó o bá ṣí i, á sáré wọlé pẹ̀lú ìtọ̀ rẹ̀ nínú. Wọ súwẹ́tà, kí o tẹ̀ lé e dé ẹ̀yìn táǹkì. Dúró tì í títí yóò fi ṣe é, kí o sọ fún un pé ó ṣeun. Láàárọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, àti kí ẹ tó sùn. Ojú á tì ọ́ láti máa kí ajá kú iṣẹ́ ìtọ̀, mo mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń wò ọ́ níbẹ̀ o jàre, odò lásán ni.

Oògùn tí dókítà kọ, ẹ jẹ́ kó lò ó tán, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti dá. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un padà lọ, kí wọ́n tún ìtọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò. Bó bá tún wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, kì í ṣe pé Màámi parọ́, a jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ń ṣe é, dókítà la ó tún bi.

Èyí tó kàn yìí kì í ṣe ti ajá, ó sì dùn mí ju ti ajá lọ.

Sàídá ló kọ́kọ́ rí i pé ajá yẹn ń fún ara rẹ̀ kó tó lè tọ̀. Ó sọ fún ọ. O ní, "Kí lo mọ̀ nípa ajá? Ní Ìlọrin, ṣé ajá ló tọ́ ọ?" Òun kọ́ ló fẹjọ́ sùn, èmi ni mo fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò títí ó fi sọ ọ́, má bá a jà. O fi ṣàwàdà ni, àbí? Ṣùgbọ́n ó dákẹ́, ó dá nìkan fa ajá lọ sọ́dọ̀ dókítà pẹ̀lú oyún nínú. Obìnrin tó bá dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ajá lónìí, á dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tó ju ajá lọ lọ́la, ìwọ á máa rò pé ilé rẹ tòrò. Bẹ̀ ẹ́. Má ra nǹkan fún un o, ẹnu ni kó o fi bẹ̀ ẹ́. Ìwọ náà, Sàídá ìyàwó mi, bó bá ti bẹ̀ ọ́ tán, tún un sọ fún un bó bá tún ṣe ohun tó ku díẹ̀ káàtó. Ọkọ rẹ gbọ́n, etí rẹ̀ ló máa ń pẹ́ dé.

O sọ fún mi lánàá pé ọmọ ń bọ̀, o ò fẹ́ kí ó máa rá lórí ilẹ̀ tí ajá ti tọ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń bọ̀ náà, ṣé ilé ìtọ̀ ló máa gbà wọlé ni? Orí ẹní rẹ ló máa tọ̀ sí. Yóò tọ̀ sí ọ láyà lọ́jọ́ tí o bá wọ aṣọ Yídì. Wàá sọ pé má ṣe é mọ́, á rẹ́rìn-ín sí ọ, á tún ṣe é. Kò sí ẹni tó ń bọ̀ wá rà á ní Sátidé. Ìbínú ò da nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà, kó o yáa tètè máa fi ajá kọ́ ọ.

Mo ti rò ó pé kí n wá fúnra mi ní Sátidé, kí n gbé àga síwájú géètì, kí n wo ọkùnrin tó máa mú ajá mi kọjá níwájú mi. O mọ̀ pé mo lè ṣe é. Mo sì lè ní kí o dá a padà fún mi, inú mi á dùn, àyè wà. N kò ní ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Bí mo bá gbà á padà, ohun tí wàá kọ́ ni pé ohun tó bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹlòmíràn á wá gbé e kúrò níwájú rẹ. Ilé rẹ ni. Ìwọ ni baálé ibẹ̀. Ohun tí o bá sọ fún ọkùnrin náà lẹ́nu géètì, òun náà ni yóò ṣẹlẹ̀, n kò ní pè ọ́ lórí fóònù.

Ohun kan ló kù tí mo fẹ́ sọ, má sì jẹ́ kó bà ọ́ nínú jẹ́, torí ẹ̀rín ni mo fi ń kọ ọ́. O máa ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún mi lẹ́yìn ìrun. Àmín. Ṣùgbọ́n ṣé o mọ ohun tí ò ń tọrọ? Bí Ọlọ́run bá gbà á, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ ó mú mi wá sílé yín, èmi Àlàájà tó ń kọ̀wé yìí, màá sì tọ̀ sórí àga yín, níwájú àwọn àlejò yín, n kò sì ní lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ náà, kì í ṣe owó rẹ ni màá nílò, Àkànní. Ẹni tó máa lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó máa ní, "Màámi, kí ló ń ṣe yín?" kó tó bínú, òun ni màá nílò. Ara Tanímọ̀la ni mo fẹ́ kí o ti kọ́ ọ, kó tó kàn mí.

Èmi ìyá rẹ ni, tí kò bínú sí ọ rárá.